Ìlẹ̀kùn Tí Mo Tì Mọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ok Du-sik

Ilé Kejìlélógún, Yàrá 503,
Àdúgbò Banghwa, Gangseo,
Seoul.
14 Oṣù Kẹta, 2011.

Alága Ìgbìmọ̀ Olùdarí,
Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀ Òfurufú Haeoreum,
Gangseo, Seoul.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁ FI ÀWÒRÁN MI POLÓWÓ, KÍ Ẹ SÌ TÚN ÒFIN ÌṢẸ́JÚ MẸ́Ẹ̀Ẹ́DÓGÚN YẸ̀ WÒ

Pyo Mi-ran ni orúkọ mi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń dúró ní ẹnu ọ̀nà tí èrò Ulsan ń gbà wọ bàálù wa ní pápákọ̀ Gimpo. Lọ́jọ́ keje oṣù yìí ni Ẹ̀ka Ètò kọ̀wé sí mi pé èmi ni òṣìṣẹ́ tó ta yọ jù lọ ní oṣù Kejì, nítorí pé n kò fi ìgbà kan pẹ́ kí n tó ti ìlẹ̀kùn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ya àwòrán mi níbi tí mo ti gbé ọwọ́ lé ìlẹ̀kùn, kí àwọn gbé e kọ́ sí ibùdó réluwè Seoul, kí àwọn tó ń wọ réluwè lè máa rí i. Mo bẹ̀ yín, kí wọ́n má yà á. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó dé bá wa. Láti oṣù Kọkànlá tó kọjá tí réluwè ayára-bí-àṣá ti dé Ulsan ni èrò ti ń fi wá sílẹ̀. Ìgbà méje là ń fò lójúmọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ti di mẹ́rin, àga tó ṣófo sì pọ̀ ju èyí tí èèyàn jókòó sí lọ. Ìyá tó bí mi lọ́mọ, réluwè ló wọ̀ nígbà tó wá kí mi lẹ́yìn Seollal, ọdún tuntun wa. Ó ní òun fẹ́ràn kí òun máa wo oko lójú fèrèsé.

Ní oṣù Kìíní, Ọ̀gá Seok, olórí Ẹ̀ka Ètò, pè wá jọ, ó sì ka òfin tuntun sí wa létí: bó bá ti ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí bàálù gbéra, kí a ti ìlẹ̀kùn, kí a má sì ṣí i fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní, "Réluwè kì í dúró de èèyàn. Kí ló wá dé tí àwa á fi máa dúró?" Ọ̀gbẹ́ni Tak Gwang-ho, àgbà láàárín àwọn tó ń di ẹrù sínú bàálù, dá a lóhùn pé, "Ọ̀gá mi, ẹni tí réluwè bá já jù sílẹ̀, kó tó mu kọfí ọwọ́ rẹ̀ tán, òmíràn ti dé. Ẹni tí àwa bá já jù sílẹ̀ ńkọ́? Ṣé kó tẹ́ ẹní síbí ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejì, bàálù wa fẹ́ gbéra ní aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Mo ti ìlẹ̀kùn nígbà tó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan sáré dé. Ọ̀gbẹ́ni Ok Du-sik ni, télọ̀ ni, ó sì ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Kò pẹ́ dé pápákọ̀. Kó tó di aago mọ́kànlá ló ti gba ìwé ìwọkọ̀ tó sì ti fi báàgì rẹ̀ lé wa lọ́wọ́. Orí ìlà àyẹ̀wò ló ti pẹ́, nítorí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Pátákó ìpolówó wa ló rí tó fi yà kúrò lọ́nà réluwè, èyí tí a kọ sí pé a ó gbé èèyàn dé Ulsan kí réluwè tó kúrò ní Daejeon láàárín ọ̀nà.

Ó tẹrí ba fún mi. Ó ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èmi ni àgbà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ni. Wọ́n ní kí n tètè máa bọ̀. Bàálù náà ló wà níbẹ̀ yẹn, mo ń wò ó." Òótọ́ ni. Afárá tí èrò ń gbà wọ inú rẹ̀ ṣì kan ara bàálù. Mo sọ ohun tí wọ́n kọ́ wa pé ká máa sọ: "Ẹ má bínú, a ti ti ìlẹ̀kùn." Ó béèrè ìgbà tí òmíràn máa gbéra. Mo ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò pariwo mọ́ mi. Ó lọ dúró síbi fèrèsé gíláàsì tó kọjú sí bàálù.

Ẹ̀yin ọ̀gá, bàálù náà kò lọ. Òfin ààbò kò gbà kí ẹrù èèyàn fò láìsí ẹni tó ni ín. Ọ̀gbẹ́ni Tak àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní láti tú ẹrù sílẹ̀ kí wọ́n tó rí báàgì Ọ̀gbẹ́ni Ok. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ni èyí gbà. Ọkùnrin náà dúró síbi gíláàsì, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wá báàgì rẹ̀ kiri nínú bàálù tí a kò jẹ́ kó wọ̀. Èmi náà dúró ti ìlẹ̀kùn. Nígbà tí bàálù lọ tán, ó lọ wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ibùdó réluwè, kò dúró gba báàgì.

Ọjọ́ karùn-ún ló padà wá gbà á. Ó wé aṣọ ọ̀fọ̀ mọ́ apá. Ọ̀gbẹ́ni Tak ló gbé báàgì náà wá, ó bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ bá ìyá?" Ó ní, "Mo bá ọwọ́ wọn. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́." Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìyá náà dákẹ́; réluwè ọmọ rẹ̀ kò tíì dé Ulsan. Ká ní mo ṣílẹ̀kùn ni, ìyá àti ọmọ ì bá rí bíi wákàtí méjì lò pọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ok wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ kọ́, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?" Mo ní mo ti jẹun. N kò tíì jẹun.

Wọ́n ń bi mí pé ṣé mo sunkún. N kò sunkún. Mo ń sùn, mo ń jí, mo ń kun àtíkè, mo sì ti ti ìlẹ̀kùn lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà láìfi ìṣẹ́jú kan pẹ́. Ọwọ́ ló ń tì í. Èmi kò sí níbẹ̀. Bóyá òun ni Ẹ̀ka Ètò rí tí wọ́n fi ní mo ta yọ.

N kò wá sọ pé kí a má bá réluwè du èrò. Iṣẹ́ mi náà ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu ìlẹ̀kùn là ń gbé pàdánù. Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo fẹsẹ̀ rìn láti ibi tí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ń já èrò sí títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, orí ìlà ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù. Ẹ bá àwọn aláṣẹ pápákọ̀ sọ ọ́, kí èrò ọ̀nà kúkúrú ní ìlà tiwọn. Ẹ fi bàálù kékeré máa fò lóòrèkóòrè dípò ńlá tó ń gbé àga òfìfo kiri. Ẹ bá àwọn oníréluwè ṣe àdéhùn, kí ẹni tí a bá já jù sílẹ̀ lè fi tíkẹ́ẹ̀tì wa wọ tiwọn láìjiyàn. Èèyàn kì í bẹ̀rù ọkọ̀ tó yára. Ọkọ̀ tí kò ní èkejì ni wọ́n ń sá fún.

Mo tún bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣàtúnṣe ìwé iṣẹ́ ọjọ́ náà. Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti ìlẹ̀kùn lásìkò, kò sí ìṣòro. Kí wọ́n kọ orúkọ Ọ̀gbẹ́ni Ok sí i àti ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí, ẹnu ọ̀nà Ulsan ni mo máa wà. Bí èèyàn bá sáré dé, tí afárá ṣì kan ara bàálù, màá ṣílẹ̀kùn fún un. Mo tètè kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ má baà sọ lọ́jọ́ náà pé mo gbàgbé òfin.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín, ní ẹnu iṣẹ́,

Pyo Mi-ran,
Òṣìṣẹ́ Àgbà, Ẹnu Ọ̀nà Èrò Ulsan.