Ẹ̀rọ Tí Kò Gbọ́ Ohùn Ìyá Onígbá

Ọjọ́bọ̀, Ọ̀yọ́

Ọ̀gá wa gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu kọ sílẹ̀ lọ sọ́jà Akẹ̀sán lónìí. Ìyá onígbá kan fi fóònù ara rẹ̀ bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀, kò kọ nǹkan kan.

Ọ̀gá ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ò sọ ọ́ dáadáa."

"Èmi tí wọ́n bí sẹ́yìn ààfin? Ohùn ta lo fi kọ́ ọ?"

Kí lọ̀gá fẹ́ wí? Ohùn àwa mẹ́rin tí à ń bá a ṣiṣẹ́ ni, nínú yàrá éésì ní Ògbómọ̀ṣọ́, máíìkì kan ṣoṣo. Ohùn àwọn àgbẹ̀ Ìrẹsà tí mo gbà wá, ó pa á rẹ́, ó ní ewúrẹ́ ń ké níbẹ̀. Ọ̀mọ̀wé yẹ̀yẹ́! Bí ẹni pé ewúrẹ́ ò sí lọ́jà.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, ó yí wíńdò mọ́tò sókè, ó wá sọ fún ẹ̀rọ pé, "Ìyá yẹn ò gbọ́ Yorùbá."

Ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀ pérépéré. Kò fo ọ̀rọ̀ kan.