Aago Kan fún Ẹsẹ̀ Méjìlá

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àkọ́bí mi obìnrin,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ò ń sùn, ṣé ò ń jí, ṣé oúnjẹ ń gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá láìsí ikọ́? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àjàkálẹ̀ àrùn tó ń kiri ìlú kò ní mọ ojúlé rẹ, bó bá sì ṣèèṣì mọ̀ ọ́n, ilẹ̀kùn títì ni yóò bá níbẹ̀. Ìyá rẹ ń kí ọ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀yìn-làárò, àgbà ajá, ń kí ọ, ó ń ju ìrù bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Má-rò-mí-pin, ajá kejì, náà ìbá kí ọ, àmọ́ aláǹgbá kan ló ń lé lọ́wọ́, iṣẹ́ náà kò sì ṣeé dá dúró.

Mo mọ̀ pé o ó béèrè ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù dára, n kò bú u. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ìwọ lo máa ń sọ gbogbo rẹ̀ tán, èmi á kàn máa dáhùn hẹn-ẹn, hẹn-ẹn, bí ọmọ iléèwé. Nínú lẹ́tà, kò sẹ́ni tó lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Awakọ̀ tó ń kó oògùn lọ sí ìlú yín, tí àwọn ọlọ́pàá ń jẹ́ kó kọjá, òun ló ní òun á bá mi mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sì kan ẹsẹ̀ mi, nítorí náà fìdí balẹ̀ kí o kà á.

O rántí bí mo ṣe wà nígbà tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé. Àìsàn tó mú mi lápá àti lẹ́sẹ̀ òsì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sílẹ̀ ni. Èmi tí mo fi ogójì ọdún ṣe káfíńtà, tí mo gun òrùlé tí n kò lè ka iye rẹ̀ mọ́, àga ni mò ń jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìyá rẹ ló sì ń fà mí dìde. O wá sọ lórí fóònù pé bí ọ̀nà bá ṣí tí n kò tíì lè dá rìn, o máa wá gbé mi lọ sọ́dọ̀ rẹ, ní àjà kẹrin níbi tí wọn kì í ti í gba ajá, pé wàá wá ẹni rere tí yóò gba àwọn ajá lọ́wọ́ mi. Mo kàn wo Ẹ̀yìn-làárò, òun náà sì wò mí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ọmọ mi, mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni aago ọwọ́ tí o fi ránṣẹ́ dé. O ní ó máa ń ka ìṣísẹ̀, pé kí n rí i pé ó ka ẹgbẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, àti pé gbogbo ohun tó bá kà níbí, fóònù rẹ yóò máa rí i níbẹ̀. Ẹnu yà mí. Mo ní àwọn tó ṣe nǹkan yìí gbọ́n, wọ́n rán ẹni tó ń ṣọ́ni wá sínú ilé, kò sì jẹ oúnjẹ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo máa ń kí i kú àárọ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án.

Ìwọ náà mọ irú ilé tí a ti tọ́ ọ. Ohun rere kì í wọ ilé wa kó jẹ́ ti ẹnì kan. Bàtà òjò kan ṣoṣo tí mo rà nígbà kékeré yín, ẹni tí ìta bá kàn ló ń wọ̀ ọ́, kó há tàbí kó tóbi. Mo wá rò ó pé ọmọ tí a tọ́ báyìí kò lè fi ohun olówó ńlá ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nìkan kí ìyá rẹ̀ máa wòran. Ẹgbẹ̀ẹ́dógún náà pọ̀ ju ohun tí ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ lè dá gbé lọ. Gbogbo ilé lo fi aago ránṣẹ́ sí, ohun tó yé mi nìyẹn. Mo bá mú pẹ́ńsùlù iṣẹ́ mi, mo kọ ètò sára ògiri ẹ̀bá ilé ìdáná. Ẹ̀yìn-làárò ni yóò wọ aago láti ìdájí títí a ó fi jẹun àárọ̀, torí òun ni àgbà ajá. Má-rò-mí-pin á gbà á títí di ọ̀sán, lẹ́yìn náà ó di ti ìyá rẹ, èmi á sì wọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́. Mo fi ara mi sí ìkẹyìn, torí bàbá ló ń tilẹ̀kùn.

Gbogbo wa la fi òótọ́ inú ṣe é. Mo gé awọ bẹ́líìtì mi àtijọ́ láti fi de aago náà mọ́ ẹsẹ̀ iwájú àwọn ajá, kó má bàa ha wọ́n. Ẹ̀yìn-làárò á fara balẹ̀ yí ọgbà po bí alábòójútó ibi ìkọ́lé. Má-rò-mí-pin ò ní sùúrù, o mọ̀ pé nígbà tí wọ́n bí i kò lè fa ọmú, tí gbogbo yín ní kí n jọ̀wọ́ rẹ̀, tí mo fún un ní orúkọ yẹn láti fi dá yín lóhùn. Ní báyìí eré ló ń sá bí ẹni tó jẹ gbèsè. Ní ti ìyá rẹ, ìbòmú ló ń rán fún gbogbo àdúgbò, ó bá so aago mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo búra fún ọ, ìjókòó ló wà, síbẹ̀ ó rìn ju gbogbo wa lọ. Ó ti ń gbéra ga díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Tèmi náà kò ṣeé fojú di. Mo fi téèpù wọn ọ̀ọ̀dẹ̀, mo ní kí ìyá rẹ bá mi di igi mú, mo sì kan ìdìmú mọ́ ògiri láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Mo ká àwọn ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ pọ̀ di bọ́ọ̀lù, ọwọ́ òsì ni mo sì fi ń jù ú, nítorí o ní ọwọ́ òsì kò gbọ́dọ̀ sinmi. Má-rò-mí-pin á gbé e wá, ṣùgbọ́n kì í gbé e lé mi lọ́wọ́, ilẹ̀ ló ń gbé e sí, ó sì di dandan kí n bẹ̀rẹ̀. Mo bú u títí, mo sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn-làárò ló ń bá mi rìn ní apá òsì. Bí mo bá dúró, ó dúró. Bí mo bá yẹ̀, ó fi ara gbè mí. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí gbogbo wa pé sórí ètò, aago ka ẹgbàá méjìlá. Ẹgbàá méjìlá! Kí ilẹ̀ tó ṣú o ti pè, o ń pariwo pé níbo ni mò ń lọ, pé ṣé mo fẹ́ kí àwọn sójà mú mi. Mo ní inú ilé ni mo wà, mo wọ ṣòkòtò ilé. Ìyá rẹ gba fóònù, ó jẹ́rìí sí i. Nígbà tó di ọ̀la, o tún pè, o ní o ti fi í han àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ìpàdé orí fóònù yẹn, èyí tí wọ́n máa ń to orí èèyàn sínú àpótí kéékèèké bí ilé ẹyẹlé, o ní wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo sọ ọ́ fún onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó gun àpótí kó lè wò mí láti orí ọgbà, látọjọ́ náà ló sì ti ń pè mí ní Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀-ẹṣin. Orí mi wú, n kò ní purọ́ fún ọ.

Lọ́sẹ̀ kẹta o tún pè, ẹkún ti wà lóhùn rẹ. O ní fóònù sọ pé ọkàn mi ń sáré kọjá bó ṣe yẹ, pé kí n dùbúlẹ̀, kí n má mira, pé o ti rán dókítà sí mi. Ó yà mí lẹ́nu, torí ẹ̀pà ni mò ń jẹ lọ́wọ́, Má-rò-mí-pin ló ń lé àkùkọ onígbàjámọ̀. Mo dá a rò, mo ní ọmọ yìí ń fi ẹkún bò ó mọ́lẹ̀ ni, wọ́n ń bọ̀ wá wo akọni. Mo ní kí ìyá rẹ lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi. A wẹ àwọn ajá. Ìyá rẹ sì so ìbòmú tuntun mọ́ kálukú lẹ́nu, ajá pẹ̀lú, torí ìjọba kò sọ pé kí a yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Dókítà náà dé, obìnrin ni, kò lè ju ìwọ lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ nítorí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, "ẹ" ni mo ń pè wọ́n. Wọ́n wọ aṣọ tó bò wọ́n látòkè délẹ̀, wọ́n mú fọ́ọ̀mù jáde. Wọ́n béèrè iye ẹni tó ń gbé inú ilé, mo ní mẹ́rin. Wọ́n béèrè iṣẹ́ kálukú. Mo ní káfíńtà, télọ̀, ọlọ́dẹ, àti ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n wo àwọn ajá méjì tó jókòó tìbòmú-tìbòmú, wọ́n kọ ọ́. Wọ́n wá ní kí n na ọwọ́ tí aago wà. Mo ní ẹ má bínú, kò tíì kàn mí, ìyá ọmọ ló ni wákàtí yìí. Ìyá rẹ bá gbé ẹsẹ̀ sókè.

Ẹ̀rín pa dókítà títí wọ́n fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Mo fi ètò tó wà lára ògiri hàn wọ́n, mo rò pé wọ́n máa kọ ọ́ lọ fún ilé ìwòsàn mìíràn. Nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n jókòó, wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún mi pé aago náà, ti ẹnì kan ni, pé ìṣísẹ̀ ẹni mẹ́rin ni ọmọ mi ti ń rí tó ń pè ní ti bàbá rẹ̀, ọkàn ajá ló sì pa á lẹ́kún. Ara mi tutù. N kò purọ́ rí láyé mi, irọ́ sì ti wà lórí fóònù ọmọ mi látìgbà yìí, wọ́n sì ti pàtẹ́wọ́ fún un.

Wọ́n gba aago, wọ́n dá a padà sí òdo, wọ́n so ó mọ́ mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa rìn títí yóò fi rẹ̀ mí. Ẹ̀yìn-làárò dìde. Wọ́n ní kí ó jókòó. Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà mí, torí mo rí fọ́ọ̀mù lórí itan wọn, mo sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ni o máa tẹ̀ lé. Mo kúrò lórí àga. Mo fi ọ̀pá tí mo fi ń tilẹ̀ rìn sílẹ̀. Mo gba ọ̀ọ̀dẹ̀ láìdi ìdìmú mú, mo kọjá ìdí ẹ̀rọ ìyá rẹ, mo dé ẹ̀yìnkùlé, mo yí kànga po, mo padà. Mo tún lọ, mo tún bọ̀. Ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ díẹ̀, mo gbé e. Nígbà tí mo jókòó, òógùn bò mí, ìyá rẹ sì ti fi aṣọ ìbòmú nu ojú.

Igba ó lé méjìlá ni aago kà. Mo bojú wolẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, pé ọmọ mi ní ẹgbẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n béèrè pé mélòó ni mo lè rìn nígbà tí ìjọba tilẹ̀kùn ìlú. Ìyá rẹ ló dáhùn, ó ní òdo. Dókítà bá kọ̀wé títí, ojú ewé kan kún. Mo béèrè ohun tí wọ́n kọ. Wọ́n ní àwọn kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé bàbá yìí kúrò níbi tí ara rẹ̀ ti ń yá, pé àwọn ajá náà wà lára oògùn, a kì í sì í já oògùn gbà lọ́wọ́ aláìsàn. Ìyókù, wọ́n ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ọ.

Ohun tí mo ń sọ náà nìyí. Sọ fún àwọn tó wà nínú àpótí yẹn pé ẹgbàá méjìlá kì í ṣe tèmi. Igba ó lé méjìlá ni tèmi. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, lánàá ó ti di ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́sàn-án. Kò sí ajá kankan nínú rẹ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oúnjẹ àwọn ajá àti bàtà tí ìdí rẹ̀ kì í yọ̀. Bá báńkì sọ ọ́ kí wọ́n rọra ki owó náà bọnú fóònù, torí èyí tó kọjá, mo na fóònù sí ẹni tó ń ta oúnjẹ ajá pé kó yọ tirẹ̀ níbẹ̀, ó ní òun kò rí ibi tí òun á ti ọwọ́ bọ̀. Bí agbára bá sì wà, ra aago kan sí i. Ìyá rẹ ti ní òun kò ní dá ẹsẹ̀ òun dúró nítorí èmi.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ wọlé, yóò máa ṣọ́ ọ jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. O kò ní sunkún lórí wa, ọmọ tìrẹ náà yóò tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú wa.

Bí ọ̀nà bá ṣí, tí o bá dé, má wọlé wá bá mi lórí àga. Dúró ní géètì. Ó lè pẹ́ díẹ̀, má tẹ fèrè mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi ṣí géètì. Èmi ni mò ń bọ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.