Ebi Ọjọ́ Kan fún Baálé

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kẹta
Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má gbàgbé. Àbíkẹ́yìn mi bí ìbejì, ẹnu mi ò gbọpẹ́. Ọmọbìnrin tí àkọ́bí mi olóògbé bí ṣègbéyàwó lánàá. Ó bá ọkọ rẹ̀ rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ méjì, ó gbé àpótí gíláàsì rẹ̀ sí yàrá mi. Ẹja márùn-ún. Èyí tó tóbi jù ni à ń pè ní Baálé. Bàbá ìyàwó náà ló rà á fún un, lọ́dún tó kú. “Màmá àgbà, ọwọ́ yín ni Baálé wà o.” Mo ní ta ló tọ́ bàbá ẹ dàgbà?

Ìṣẹ́gun, 4
Ikùn Baálé ti wọnú. Ìgbẹ́ rẹ̀ ń fà gbọọrọ, funfun bí òwú ìránṣọ.

Ọjọ́rú, 5
Mo lọ bá ẹni tó ń ta ẹja ọ̀sìn, tí a ń pè ní Dókítà Olómi. Ó ní aràn inú ni. Kí n má da oògùn sómi o, kí n rẹ hóró oúnjẹ wọn sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn korò, kí n kọ́kọ́ febi pa wọ́n lọ́la. Èmi fúnra mi ni mo ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn náà! Tíṣà wa níbi ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àgbà á gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 6
Wọ́n ń tẹjú mọ́ mi.

Ẹtì, 7
Baálé gbé hóró kan, ó tu ú dànù. Àwọn yòókù náà tu ú. Dókítà bi mí lórí fóònù bóyá mo fún wọn ní nǹkan lánàá. Mo ní rárá.
Ìwé mi, ìwọ ni mo lè sọ fún: mo rún ẹyin sísè fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́ — ta ni ebi ń pa lójú mi rí tí mo dákẹ́?

Àìkú, 9
Ìyàwó pè. Ṣé Baálé ń jẹun? Mo ní dáadáa ni. Irọ́.

Ajé, 10
Ẹja kékeré onílà pupa kú. Mo sáré lọ jẹ́wọ́. Dókítà mirí: “Ẹ̀yin ìyá àgbà! Aràn lẹ̀ ń bọ́ yẹn.” Kí n tún bẹ̀rẹ̀, ebi ọjọ́ méjì. Mo kó oúnjẹ wọn àti gbogbo ẹyin ilé mi fún aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé mi. Mo ní bí mo bá bẹ̀ ẹ́, kó má fún mi.

Ọjọ́rú, 12
Mo bẹ̀ ẹ́. “Màmá, ẹ padà sílé. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má gbẹ̀bẹ̀.” Ọ̀dájú!

Ọjọ́bọ̀, 13
Aránṣọ dá oúnjẹ wọn padà, mo rẹ ẹ́ sínú oògùn. Hóró mẹ́ta! Baálé gbé e mì! Mo jókòó síwájú gíláàsì títí ẹsẹ̀ mi fi kú.

Àbámẹ́ta, 15
Ó tún jẹ ẹ́ lónìí. Òwú funfun ìdí rẹ̀ ti ń dín kù. Ọ̀la nìyàwó ń bọ̀. Aránṣọ ní kí n ra onílà pupa mìíràn, kò ní mọ̀. Mo rò ó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.
Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi kọ láyé nìyí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì: “Márùn-ún lo kó fún mi. Mẹ́rin ni mò ń dá padà. Baálé wà nínú wọn. Èyí tó kú, ebi kọ́ ló pa á. Àánú mi ni.”