Ebè Ẹ̀bá Ọ̀nà

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ̀wà yín ti ń tanná, ó sì ti ń so. Mo mọ̀ pé òun ni ẹ ó kọ́kọ́ bèèrè, kí ẹ tó bèèrè àwa ọmọ.

Èmi àti Múfú, àbúrò mi, la ṣì ń ro ilẹ̀ yín tó wà lọ́nà Kúta. Kòkòrò tó ń lu èso ẹ̀wà tún dé, ti ọdún yìí sì kọjá àfẹnusọ. Mo ń fi àtàǹpàkò la òdòdó wò lẹ́yìn ìrun àárọ̀ bí ẹ ti máa ń ṣe, àmọ́ mi ò mọ súfèé tí ẹ máa ń fọn sí i yẹn fọn bíi tiyín.

Múfú ní oògùn yín àtijọ́, èyí tó ń rùn burúkú un nì, la ó máa lò títí ayé. Ẹ mọ orí kunkun rẹ̀, ọ̀dọ̀ yín náà ló ti mú un. Mo bá ní ká pín oko sí mẹ́ta: ká fín tiyín sí apá kan, ká fín tuntun tí wọ́n ń tà l'Ólúpọ̀nnà sí ìkejì, ká fi omi ewé dóńgóyárò tí a gún, tí a rẹ mọ́jú, sí ìkẹta. Bàbá, ẹ má bínú, ńṣe ni kòkòrò ń gbafẹ́ nínú oògùn yín. Tuntun pa wọ́n pátápátá. Dóńgóyárò dín wọn kù, kò pa wọ́n tán. Ó dùn mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣé ẹ ti mọ̀ pé oògùn yín kò ràn wọ́n mọ́, ẹ kàn ń pa á mọ́ra ni?

Ebè ẹ̀bá ọ̀nà ló wá dìjà. Ẹ kì í fín nǹkan kan sí i, torí àwọn tó ń kọjá máa ń já ẹ̀wà ibẹ̀ jẹ ní tútù, wọn kì í sì í bèèrè. Ibẹ̀ ni kòkòrò sá sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń padà wọ inú oko. Múfú ní ká fín tuntun sí i. Ẹni tó bá fín tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọjọ́ gorí ọjọ́ kó tó fẹnu kan ẹ̀wà ọ̀hún. Ta ni yóò dúró lójú ọ̀nà máa kìlọ̀ fún gbogbo ayé? Àmọ́ tí kòkòrò bá jẹ oko tán ńkọ́? Ẹ̀wà yìí là ń jẹ, òun náà la fẹ́ fi ṣe sàráà yín.

Nígbà tó yá, mo gbà fún un. Láàárọ̀ Jímọ̀ tó kọjá, ó ti po oògùn, ó ti gbé táńkì kọ́yìn, ni Ìyá bá yọ. Wọn ò tíì dé oko láti ìgbà tí a ti sin yín. Ebè ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n gbà lọ tààrà. Wọ́n já ẹ̀wà, wọ́n ṣe bísímílà, ó di ẹnu. Kòkòrò wà nínú ọ̀kan, wọ́n tu ún dànù, wọ́n já òmíràn, wọ́n wá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí a ò tíì rí látìgbà tí ẹ ti lọ.

Ká ní wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i ńkọ́? Múfú sọ táńkì kalẹ̀.

Dóńgóyárò nìkan là ń fín síbẹ̀ báyìí. Kòkòrò á jẹ tiwọn níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ. Ìyá ti ń wá sóko láràárọ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tí àárò yín ń sọ,
tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń dúdú bíi tiyín.