Ẹ́ńjìnnì tí Mò Ń Wà Lábẹ́ Ilẹ̀ Berlin

Bàámi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ, nítorí náà bí mo ṣe máa ń kí yín lórí fóònù náà ni mo ṣe kí yín yìí. Àárọ̀ Sátidé ni, mo wà nínú yàrá mi ní àdúgbò Wedding ní Berlin, mo sì ti dìde lórí àga yìí lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó kọ ìlà mẹ́ta. Mo gbé omi kaná, mo gbàgbé rẹ̀. Mo lọ dúró lójú fèrèsé, mi ò mọ ohun tí mò ń wò. Ó ti tó oṣù méjì tí ara mi ò ti balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á kí n tó tún dìde.

Bàámi, irọ́ ni mo pa fún yín. Mi ò parí ìwé másítà yẹn.

Níbí, bí èèyàn bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kò sì ní lè kọ́ irú iṣẹ́ yẹn mọ́ ní yunifásítì kankan ní Germany. Ìṣirò ló mú mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà wọn dé ni ẹ pè mí, ẹ béèrè bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ. Mo ní dáadáa ni. Mo rò pé màá ṣàlàyé fún yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn di oṣù, oṣù di ọdún.

Mo ní láti wá iṣẹ́ tí màá kọ́ kíákíá, kí wọ́n má baà ní kí n máa lọ sílé. Ausbildung ni wọ́n ń pe irú ìkọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ìwé síbi púpọ̀, ibì kan ṣoṣo ló dáhùn. Iṣẹ́ awakọ̀ rélùwéè ni. Kì í ṣe ti èrò, Bàámi. Ti ẹrù, bíi tiyín.

Ẹ̀yin tí ẹ lo ìgbà ọ̀dọ́ yín lórí ẹ́ńjìnnì akẹ́rù láàárín Òṣogbo àti Jẹ́bà, tí ẹ sì ń sọ fún wa nílé pé kò sí ọmọ yín kankan tí yóò fẹsẹ̀ tẹ àtẹ̀gùn ẹ́ńjìnnì. Mo rántí pé ẹ kì í fọwọ́ kàn wá nígbà tí ẹ bá dé, àfi tí ẹ bá ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ ọwọ́ yín, kí òórùn epo má baà ràn wá. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ bá ń kọjá lẹ́yìn ilé, ẹ máa ń dá ọ̀rọ̀ dúró lágbedeméjì. Ẹ ó tẹ́tí. Ẹ ó ní sìmẹ́ńtì ló kó, tàbí ẹ ó ní òfìfo ni, wọ́n ń dá a padà. Lẹ́yìn náà ẹ ó tún bá ọ̀rọ̀ yín lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ṣé ẹ kórìíra iṣẹ́ náà lóòótọ́ ni, àbí ohun tí rélùwéè padà dà ló dùn yín? Mi ò béèrè rí. Ó yẹ kí n ti béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Ọkọ̀ ojú irin ìgboro níbí ń gba abẹ́ ilẹ̀, U-Bahn ni wọ́n ń pè é. Iná mànàmáná ló ń gbé e, iná náà sì ń gba inú irin kẹta kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ irin tó ti jẹ, wọ́n á ti ojú ọ̀nà náà pa, wọ́n á pa iná yẹn kí ó má baà gbé òṣìṣẹ́, wọ́n á sì fi bọ́ọ̀sì kó àwọn èrò. Ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tiwa á wọ inú ihò lọ, á máa fa òkúta wẹ́wẹ́, irin tuntun àti pákó, gba inú àwọn ìdíkọ̀ tó ṣófo kọjá. Ariwo rẹ̀ a máa gbá ara ògiri, a sì padà wá bá èèyàn láyà. Ìdíkọ̀ kan wà lójú ọ̀nà wa tí wọ́n ń pè ní Afrikanische Straße, ìyẹn Òpópónà Áfíríkà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fa wágọ́ọ̀nù mẹ́ta tó kún fún òkúta gba ibẹ̀ kọjá, èmi nìkan rẹ́rìn-ín níbi tí mo jókòó. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Ẹ ṣì wà láyé nígbà yẹn o. Mo gbé fóònù, mo tún gbé e sílẹ̀.

Kérésìmesì ni mo fi sọ́kàn, pé màá wá sílé, màá jókòó tì yín, màá sì jẹ́wọ́. Ẹ ò dúró dè mí. Níbi ìsìnkú yín, wọ́n tẹ orúkọ gbogbo wa sínú ìwé ètò ìsìn, wọ́n sì kọ “Ẹ́ńjíníà, Berlin” síwájú orúkọ tèmi. Mo rí i kí wọ́n tó pín in. Mi ò ní kí wọ́n pa á rẹ́.

Mo ti dìde, mo ti rìn yí yàrá ká, mo ti padà. Omi yẹn ti gbẹ nínú ìkòkò.

Nínú oṣù keje ọdún yìí, wọ́n ti ojú ọ̀nà apá àríwá pa, láti Wedding títí wọ àdúgbò Reinickendorf, a sì ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án gangan nítorí pé kò sí èrò. Ẹnì kejì mi ni Murat, ọmọ Tọ́kì tí wọ́n bí sí Berlin níbí, ó dàgbà jù mí lọ, òun ló sì fi sùúrù kọ́ mi ní ìdajì ohun tí mo mọ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹ́ńjìnnì mi wà lẹ́yìn, mò ń ti wágọ́ọ̀nù mẹ́rin lọ níwájú, mi ò sì lè rí ibi tí mò ń lọ. Murat dúró lórí àtẹ̀gùn wágọ́ọ̀nù tó ṣíwájú, ó ń fi rédíò ọwọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Òun ni ojú mi. Ohùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá. Ó ní láti máa wí pé máa bọ̀, máa bọ̀, láìsinmi, kí n lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Òfin ni pé bí ohùn náà bá dákẹ́, kí n dúró.

Ohùn náà dákẹ́.

Mo mọ̀ pé rédíò kì í gbọ́ dáadáa ní ibì kan nínú ihò yẹn, níbi tó ti tẹ̀ sí ọ̀tún. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ìṣẹ́jú àáyá méjì, ohùn á sì tún padà. Bàámi, mo rò ó. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń rò ó pé rédíò ni, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ mi sì ti fa bíréèkì. Mi ò rántí pé mo ní kí ó fà á. Ọkọ̀ tó kó òkúta kì í dúró lẹ́ẹ̀kan, ẹ mọ̀ ju èmi lọ. Ó han gooro, ó gbọ̀n, ó sún, ó sún, kí ó tó dúró.

Mo pè é, kò dáhùn. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wágọ́ọ̀nù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mò ń fọwọ́ ti ògiri kí n má baà ṣubú. Ibẹ̀ ni mo ti bá a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ti ṣubú síwájú, orí rẹ̀ ti gbá irin, ó dákú sáàárín ojú ọ̀nà. Láti ibi tí kẹ̀kẹ́ dúró sí dé ìbàdí rẹ̀ kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Mo wọ̀n ọ́n. Mo jókòó sílẹ̀, mo fi apá mi wọ̀n ọ́n, bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú, kí n tó rántí pé ó yẹ kí n pe èèyàn.

Ó yè. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, orí rẹ̀ fọ́, ṣùgbọ́n ó yè. Gbogbo èèyàn ń yìn mí. Ọ̀gá wa bọ̀ mí lọ́wọ́ níṣojú àwọn yòókù. Èmi kàn ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni. Bí mo bá wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sì dákẹ́ láti gbàdúrà, màá dìde jáde. Dókítà ní kí n lọ sinmi. Mo kọ Kündigung, ìwé pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo pa á mọ́ sínú báàgì, mo wọ ọkọ̀ lọ bá àbúrò yín ní Hamburg.

Àǹtí Bọ́lá ṣì wà ní àdúgbò Jenfeld níbẹ̀, lórí àjà kẹfà kan náà. Wọn ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Wọ́n fún mi lóúnjẹ, wọ́n fi òróró gbàdúrà fún mi, wọ́n sì mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Àìkú, tàwa aláṣọ funfun. Àǹtí nìkan ló mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún yín.

Bí a ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní U-Bahn ò rìn, wọ́n ń tún ojú irin ṣe, kí a lọ wọ bọ́ọ̀sì. A wá dúró ní ibì kan tí ojú irin ti jáde sí gbangba kí ó tó tún wọlẹ̀. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, tí wọ́n gbé irin gígùn sáàárín, wọ́n rọra ń lọ sínú ihò. Bọ́ọ̀sì dé, bọ́ọ̀sì lọ, mi ò wọ̀ ọ́. Mo di ọgbà tó wà níbẹ̀ mú títí ìrù ọkọ̀ náà fi wọlẹ̀ tán. Nígbà tí mo yíjú, Àǹtí Bọ́lá kò wo ọkọ̀. Èmi ni wọ́n ń wò, omi sì wà lójú wọn.

A dé ilé. Wọn ò bọ́ aṣọ funfun wọn. Wọ́n jókòó sí kíṣìnnì, wọ́n ní kí n jókòó.

“Mo sọ fún Bọ̀dá,” ni wọ́n wí. “Ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó kú. Mo sọ fún wọn pé rélùwéè lò ń wà.”

Mi ò jókòó. Mo béèrè ohun tí ẹ sọ.

“Wọ́n dákẹ́. Wọ́n dákẹ́ títí, mo rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, ‘Ẹ́ńjìnnì wo ni ó ń wà?’”

“Kí lẹ wá sọ fún wọn?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní màá bi ọ́. Mo fẹ́ pè ọ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rù bà mí pé o máa bínú. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n pè mí láti ilé pé Bọ̀dá ti lọ.”

Mo bínú, Bàámi. Mo kúrò ní kíṣìnnì, mo sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹfà, mo rìn láàárín àwọn ilé gíga yẹn títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. Mo bínú sí wọn pé wọ́n sọ ọ́. Mo tún bínú pé wọn ò bi mí. Ọjọ́ méjì ni mi ò fi bá wọn sọ ju ẹ káàárọ̀ àti ó dàárọ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹta, mo rí wọn tí wọ́n ń lọ aṣọ mi tí mi ò ní kí wọ́n lọ̀, mo sì rí i pé ó ti lé lọ́dún kan tí àwọn nìkan ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri, bí èmi náà ṣe gbé tèmi. Mo kúnlẹ̀ fún wọn. A sunkún, a jẹun.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn ò lè sọ fún mi. Mo bi wọ́n léraléra, wọ́n sì ń sọ òótọ́ pé àwọn ò mọ̀. Ohùn wo ni ẹ fi béèrè? Ṣé ohùn tí ẹ fi ń bá wa wí ni? Àbí èyí tí ẹ fi máa ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tí wọ́n bá wá kí yín nílé, tí ẹ bá tẹ̀ síwájú lórí àga? Mo ti gbìyànjú láti gbọ́ ọ ní ọ̀nà méjèèjì. Méjèèjì ló ń dún bíi yín.

Mo padà sí Berlin. Mo lọ wo Murat nílé ìwòsàn, ó ní kí n gbé ìrọ̀rí òun sókè, ó sì bi mí ìgbà tí mo máa padà sẹ́nu iṣẹ́, bí ẹni pé kò sí ìbéèrè míì láyé. Mo fa Kündigung yẹn ya sínú agbọ̀n ìdọ̀tí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ọjọ́rú tó kọjá ni mo gun orí ẹ́ńjìnnì. Mi ò gbé ọwọ́ kúrò lórí bíréèkì títí dé ìdíkọ̀ kejì. Ọmọbìnrin kan ló wà níwájú ní ipò Murat báyìí, ohùn rẹ̀ tinrín, mo sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó ẹlòmíì. Ara mi kò tíì balẹ̀ o. Mò ń ṣe iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ẹ béèrè irú ẹ́ńjìnnì tí mò ń wà. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ni, àwọ̀ yẹ́lò, kẹ̀kẹ́ mẹ́rin péré. Ó kúrú, kò sì ga, torí òrùlé ihò náà sún mọ́ wa. Ẹ̀yin ì bá tẹrí ba kí ẹ tó wọlé. Ó dàgbà jù mí lọ. Kò lè fa ìdajì ohun tí tiyín ń fà. Láàárọ̀, ó máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ohùn rẹ̀ tó já geere. Àga rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ibi tí bíréèkì wà ti dán nítorí ọwọ́ àwọn tó ti wà á ṣáájú mi. Bíréèkì náà mú dáadáa, Bàámi. Ó ń mú.

Èmi ni, ọmọ yín tí ń wa rélùwéè,
pẹ̀lú ìfẹ́ tí mi ò sọ jáde tó nígbà tí ẹ wà.