Omi Ògì Lójú Gíláàsì Pásítọ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì 2025

Wọ́n gbé jíìpù Pásítọ̀ wá láàárọ̀ yìí. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ìjọ rà á fún wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Ìyàwó Tuntun. Ṣùgbọ́n ojú ìyàwó ti bàjẹ́! Abẹ́ táńkì omi ṣọ́ọ̀ṣì ni Dáníẹ́lì awakọ̀ ń gbé e sí. Táńkì ń jò, omi ń kán sórí gíláàsì, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ń gbẹ ẹ́ mọ́bẹ̀. Omi kànga ẹ̀rọ Kábà yìí náà sì rèé — bó bá gbẹ tán, funfun ló ń fi sílẹ̀ bí ẹni fi ẹfun tọ́ ọ. Gíláàsì iwájú ti di àmì roboto-roboto látòkè délẹ̀.

Dáníẹ́lì ní òun ti fẹ́ fi réésà ha á. Réésà! Háábà! Mo pariwo mọ́ ọn débi pé àwọn tó ń kọjá lọ dúró wò wá. Mo ní kó gbé ọkọ̀ sábẹ́ máńgòrò, kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kó máa lọ.

Mo kọ ọ́ síbí, nítorí ọjọ́ tí orí mi bá gbàgbé. Fi omi lásán ṣan iyanrìn kúrò ná. Gíláàsì gbọ́dọ̀ tutù, kó wà lábẹ́ òjìji. Lẹ́yìn náà ni omidùn, ìyẹn omi orí ògì tó ti kan dáadáa. (Ta ló tiẹ̀ sọ ọ́ ní omidùn? Ó kan ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ.) Rẹ aṣọ òwú gbígbó sínú rẹ̀, tẹ́ ẹ lé gíláàsì lójú, kọ orin mẹ́ta tán. Nù ún lọ tààrà, pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́, má yí i po. Ṣàn án. Fi aṣọ mìíràn gba omi rẹ̀ kí oòrùn tó gbà á. Kò gbọdọ̀ sí iyanrìn níbẹ̀, kódà ẹyọ kan. Ẹyọ kan ti tó láti ba gíláàsì jẹ́.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fọ ọkọ̀ jẹun lórí ilẹ̀ ìjọ yìí, lójú ọ̀nà Ìjùmú. Ọdún mọ́kànlá náà ni Mónì ti ń fún mi ní omidùn. Mónì — Monica tèmi, ọmọ Ayewa, tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní kíláàsì kìíní. Kò sí ògì tó gbayì tó tirẹ̀ ní Kábà. Àwọn ará ìlú ń ra ògì, èmi ń gba omi orí rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni kẹ́ẹ̀gì ń dé.

Tòní ò dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ẹ̀rọ alọta ló bàjẹ́. Kò sí ògì, kò sí omi. Ìyàwó Tuntun ń sùn lábẹ́ máńgòrò.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Kẹ́ẹ̀gì dé! Mónì fúnra rẹ̀ ló rù ú wá. Ó ní ojú òun rí nǹkan lórí ìlà ní ilé ẹ̀rọ. Mo dúpẹ́ títí, mo fi obì lé e lọ́wọ́.

Mo kọ orin mẹ́ta, mo fi ẹ̀kẹrin kún un fún ayọ̀. Àmì kan ò ṣẹ́kù. Ní ìrọ̀lẹ́ tí Dáníẹ́lì wá gbé ọkọ̀, ó ní bí òun ò bá fọwọ́ kan gíláàsì náà, òun ì bá ní wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Kí n má purọ́, mo ti ń ro ohun tí Pásítọ̀ máa sọ nípa mi láti orí pèpéle.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Oòrùn àárọ̀ ló tú mi síta.

Jíìpù dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọjú sí ìlà oòrùn. Gíláàsì iwájú kún fún ìlà tín-ín-tín, ìlà lórí ìlà, bí ilẹ̀ tí adìyẹ ti ha. Lábẹ́ òjìji, ojú ò lè rí i. Mo fi èékánná tọ́ ọ wò. Èékánná mi ń há sínú àwọn ìlà náà. Kì í ṣe ìdọ̀tí, ara gíláàsì gan-an ló ti ha.

Màmá Martha, ìyàwó Pásítọ̀, wá dúró tì mí. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn rọra fi orúkọ ọmọ mi pè mí, wọ́n ní, "Ìyé Fẹ́rànmí, ṣé ògì yẹn náà lẹ fi fọ̀ ọ́?" Ìbá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Mo kọjú sí Dáníẹ́lì lójú gbogbo èèyàn. Mo ní aṣọ gbígbẹ ló fi nù ún. Mo ní réésà tó fẹ́ lò lọ́jọ́sí, ó ti lò ó lẹ́yìn mi. Ó búra. Mo ní òpùrọ́ ni. Mo tún pè é ní orúkọ mìíràn tí mi ò ní kọ síbí, ọjọ́ Olúwa ni.

Mónì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú. Nínú ìsìn, ìwé orin kan la jọ lò.

Ọjọ́ Ajé, 10

Ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ìjọ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń fi ohun jíjẹ ha ọkọ̀ òjíṣẹ́ Ọlọ́run kò yẹ lẹ́ni tó ń jẹun lórí ilẹ̀ Ọlọ́run. Bí wọ́n bá lé mi, ibo ni mo ń lọ? Kò sí ibòmíràn lójú títì yìí tó ní omi, tó tún ní òjìji. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Omidùn díẹ̀ ṣẹ́kù nínú kẹ́ẹ̀gì. Mo dà á sínú abọ́ funfun, mo jẹ́ kó tòrò. Nǹkan dúdú kan rọ̀ sísàlẹ̀, kíún báyìí. Mo fi sáàárín eyín. Ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo yá òòfà lọ́wọ́ mẹkáníìkì, mo tì í bọ inú abọ́ — nǹkan dúdú náà ṣùrù bò ó bí ìjàlọ.

Irin.

Mo fi aṣọ gbé e, mo fi nu ìgò òfìfo kan, mo gbé ìgò sí oòrùn. Ìlà kan náà.

Dáníẹ́lì, foríjì mí. Ṣùgbọ́n báwo ni irin ṣe dénú omi ògì?

Ọjọ́rú, 12

Mo lọ bá Ọlọ́runlékè ní ilé ẹ̀rọ. Ó ní lóòótọ́, ní Ọjọ́rú tó kọjá ni òun pààrọ̀ irin tó ń lọ àgbàdo nínú ẹ̀rọ. Kò sí obìnrin tí kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ̀ lórí irin tuntun, irin ló máa bá jẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi èèrí ṣe àkọ́lọ̀, tí a sì ń dà á nù.

Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó mú èèrí wá. Ìlà gùn dé ojú títì, àgbàdo ń wú nínú omi, kálukú ń ti ẹnìkejì síwájú. Ni ẹnì kan bá jáde láti ẹ̀yìn pátápátá. Ó ní òun ní àgbàdo tí kì í ṣe fún jíjẹ, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ṣí ẹ̀rọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó da kóńgò kan sí i, ó gbà á sínú ike pupa lọ́tọ̀. Torí pé ó ti gbà wọ́n sílẹ̀, wọ́n ní kó kúkú lọ ìyókù tirẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Ìyẹn, inú ike funfun ló gbà á sí. Ọlọ́runlékè ní òun kìlọ̀ fún un pé kí ẹnikẹ́ni má mu ti ike pupa o. Ẹni náà ní, "Tò, ọkọ̀ ni á mu ún." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Mo béèrè pé ta ni. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹlòmíràn dárúkọ rẹ̀ fún mi.

Mónì. Ẹni tó ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi fún ọdún mọ́kànlá pé ẹyọ iyanrìn kan ti tó. Ó fi gíláàsì mi ra ipò lórí ìlà.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo lọ bá a nílé. Kò jiyàn. Ó sunkún. Ó ní òun fi asẹ́ sẹ́ omi náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun rò pé gíláàsì le ju irin lọ. Ó kúnlẹ̀, ó di etí ìró mi mú — "Zipporah, bí wọ́n bá fi lè gbọ́ irin àti ògì Monica nínú gbólóhùn kan, mo gbé. Kò sí ìyá tó máa fún ọmọ rẹ̀ mu mọ́."

Òótọ́ ni. Mo mọ Kábà.

Mo ní mi ò ní dárúkọ irin. Mo ní ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kó dìde níwájú ìgbìmọ̀, kó ní omi tí òun fún mi lọ́sẹ̀ yẹn ní ìdọ̀tí, pé ẹ̀bi kò sí lọ́wọ́ mi. Gbólóhùn kan péré. Ó fi ìyá rẹ̀ tó ti kú búra. A jọ sunkún, òmùgọ̀ èmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Mo bẹ Dáníẹ́lì lónìí. Níwájú àwọn tó gbọ́ èébú náà ni mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ìyé, ó ti tán." Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Bàbá Ìbítóyè ló jókòó bí alága. Wọ́n bi mí, mo ní ọwọ́ mi mọ́, kí wọ́n bi ẹni tó ń fún mi lómi. Wọ́n pe Mónì.

Ó dìde. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó ní lóòótọ́ ni òun máa ń fún mi ní omi orí ògì, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ ni òun rò pé mo ń fún mu.

Ẹlẹ́dẹ̀! Mi ò sin ẹlẹ́dẹ̀ rí láyé mi!

Kò tíì tán. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń sọ fún mi pé kí n lọ ra oògùn ìfọ-gíláàsì gidi, pé agídí mi ni. Ó ní òun ò mọ̀ pé mo ń fi fọ ọkọ̀, ó tún ní òun ti ń kìlọ̀ fún mi. Kò sẹ́ni tó rí i pé méjèèjì ò bára mu. Méjì nínú àwọn obìnrin tó pàtẹ́wọ́ fún un ní ilé ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Wọ́n ń wo ilẹ̀.

Mo ti di irin náà sínú bébà, ó wà nínú báàgì lórí ẹsẹ̀ mi. Ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀. Mo ti ní mi ò ní dárúkọ irin. Mi ò dárúkọ rẹ̀. Mi ò gbé ọwọ́ kúrò lórí báàgì títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Ìparí oṣù yìí ni kí n fi ilẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹlòmíràn ni mo máa ń pa òwe yìí fún.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo ń kó àwọn garawa jọ nígbà tí Mónì ń kọjá. Ó dúró. "Okun o," ó kí mi. Ohùn rẹ̀ ò yàtọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń dá okun yẹn lóhùn, ní odò, lóko, ní ìsìnkú ọkọ mi. Mo tẹjú mọ́ garawa. Ó dúró díẹ̀ sí i, ó lọ. Inú mi ò dùn pé mo ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò sì kábàámọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Rebecca, ìyàwó ilé kejì, wá bá mi níbi tí mo ti ń tú rọ́bà omi. Ọmọ oṣù mẹ́fà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ máa fún un ní ògì, ṣùgbọ́n òun ń gbọ́ àhesọ kan láti ilé ẹ̀rọ nípa ti Monica. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, Ìyé Fẹ́rànmí. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni mo máa ṣe. Ṣé ògì rẹ̀ mọ́?"

Ọmọ náà ń wò mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá mi orí lásán, kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, Mónì á máa gbé ògì rẹ̀ kiri, kò ní rí ẹni bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run rí i pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ní ó mọ́. Mo ní kó lọ rà á, kó má bẹ̀rù.

Mi ò tíì dárí jì í o. Òótọ́ ni mo sọ, ohun tó ń pa mí lára nìyẹn. Mónì ṣọ́ra. Ó ya ti àwọn ará ìlú sọ́tọ̀ dáadáa, kò jẹ́ kí ẹyọ irin kan kàn án. Gbogbo irin náà, èmi ló dà á fún.