Àmín Tí Mò Ń Ṣe Nínú Ilé Tiwa

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọdún mọ́kànlá la fi yálé gbé ní Ìdímù. Bí ọmọ bá kàn gbá bọ́ọ̀lù báyìí, onílé á ti jáde pariwo. Lóṣù tó kọjá, Ọlọ́run ṣe é, a ra búngálò kékeré kan tówó wa ká ní Ìgàndò. A ò tíì rẹ́ ẹ níta, ṣùgbọ́n tiwa ni. Ọkàn mi balẹ̀ débi pé orin ni mo fi ń fọ abọ́.

Ọkọ mi ló ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni títí a ó fi ṣe ìṣílé. Ni ìyá rẹ̀ bá ti Èkìtì dé, wọ́n rò pé a tún yálé ni. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbàdúrà kí Ọlọ́run fún wa nílé tiwa, témi náà á sì máa ṣe "Àmín!" kíkankíkan. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje lánàá nítorí ilé yìí kan náà. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin!

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n tú àṣírí ọkọ mi ni, àbí kí n máa ṣe àmín lọ? Màmá kì í fi ètò yín ṣeré o. Tí wọ́n bá ń gbọ́ wa báyìí: Màmá, àdúrà yín ti gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jẹun.